Àmì Etí Lára Àwo Gbàǹjo

Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì ni obìnrin náà fi ń gbọ́ àwo orin kan, bí àwo ọ̀hún kò bá gùn jù. Yóò gbọ́ ojú kìn-ín-ní tán, yóò yí i, yóò gbọ́ ojú kejì. Kì í fò ó. Kì í gbé abẹ́rẹ́ kúrò láàárín orin, bí orin náà tilẹ̀ jẹ́ ariwo lásán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló ti fi ṣe iṣẹ́ yìí nínú yàrá tóóró kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwo, yàrá tí ènìyàn kò lè na apá méjèèjì níbẹ̀ kí ó má kan ògiri. Fèrèsé kan ló ní, iná orí tábìlì kan, ẹ̀rọ àwo kan, àti bàsíà kan lábẹ́ ẹ̀rọ omi.

Ìyá Elétí ni àwọn oníbàárà ń pè é. Àwọn ló fún un lórúkọ náà, òun náà sì jẹ́ ẹ.

Àwo àlòkù ni ṣọ́ọ̀bù náà ń tà: àwọn èyí tí ọmọ olóògbé kó wá nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ ilé bàbá wọn mọ́, àwọn èyí tí ìyàwó ilé kó wá nítorí pé àwo ọkọ rẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún aṣọ mọ́, àwọn èyí tí ẹnì kan bá nínú àjà tí kò tilẹ̀ mọ ẹni tó ni ín. Inú páálí ni wọ́n máa ń bá dé, pẹ̀lú eruku, irun ológbò àti ipa ọwọ́ olóròóró. Ìyá Elétí á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wẹ̀ wọ́n, á tò wọ́n sórí àtẹ onígi bí ẹni ń to abọ́, á dúró kí wọ́n gbẹ. Ìgbà náà ni yóò tó jókòó gbọ́ wọn. Bí àwo bá mọ́ tónítóní látòkè délẹ̀, á mú pẹ́ńsùlù, á ya etí kékeré kan sí igun àpò ìwé tí wọ́n fi wé àwo náà: ìlà kan tó tẹ̀ kọdọrọ, àmì tóótó kan nínú rẹ̀. Bí àwo bá ní àléébù, kò ní ya etí. Á kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ojú kejì, orin kẹta, ó ń fò lẹ́ẹ̀mejì." Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà á, kó rà á, kò kàn ní lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ni.

Àwọn àgbà ní bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Iṣẹ́ Ìyá Elétí ni láti bá ẹlòmíràn gbọ́ yìnkìn náà ṣáájú, kí inú tirẹ̀ má bàa bàjẹ́ bó bá délé.

Orin rọ́ọ̀kì àtijọ́ ló pọ̀ jù nínú ọjà wọn, àti ti àwọn tó dé lẹ́yìn wọn, tí wọ́n ń pè ní ọ̀tánétíìfù, àwọn tó ń kọrin bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun tí inú sì ń bí i pé òun jí. Bẹ́ẹ̀ Ìyá Elétí yìí ni aṣáájú àwọn olóhùn òkè nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Àwọn arábìnrin kan ti pè é sí kọ̀rọ̀ rí, wọ́n bi í bóyá ẹ̀mí inú àwọn orin wọ̀nyẹn kò ní bà lé e.

"Dókítà tó ń gbọ́ ikọ́ aláìsàn," ló fi dá wọn lóhùn, "ṣé ó ń jó sí i ni? Ikọ́ ni mò ń gbọ́ níbẹ̀ o, ẹ̀yin arábìnrin. Mi ò tíì gbọ́ orin."

Irọ́ díẹ̀ wà nínú ìyẹn, Olúwa sì mọ̀. Onílù kan wà tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín, tó ń lu ìlù bí ẹni ń lé eku jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Olórin kan sì wà tí ohùn rẹ̀ kún fún ìbànújẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé, nígbàkúùgbà tí àwo rẹ̀ bá dé, Ìyá Elétí á sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu pé, "Kí Olúwa tù ọ́ nínú, ìwọ ọmọ yìí, níbikíbi tó o bá wà," kó tó yí i sí ojú kejì.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí títí Bàbá Aláwo, ẹni tó dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀, fi sọ pé orúnkún òun kò gba àtẹ̀gùn mọ́, tó sì fa ṣọ́ọ̀bù lé àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù ni ọmọkùnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ó sì mọ fóònù tà. Ọ̀gá Kékeré ni wọ́n ń pè é, níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, nítorí kò bínú sí i. Kò burú lójú, kì í pariwo, ó máa ń kí àgbà. Kò tíì pé oṣù méjì tó dé tó fi gbé pátákó kan kọ́ sójú fèrèsé, tó fẹ̀ tó aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì: GBÀǸJO! RỌ́Ọ̀KÌ ÀTI Ọ̀TÁNÉTÍÌFÙ! ÌDAJÌ OWÓ, Ọ̀SẸ̀ MÉJÌ PÉRÉ!

Ìyá Elétí kò rí nǹkan wí sí i. Ọjà gbọ́dọ̀ tà. Ó kan ṣàkíyèsí pé àwọn páálí tó wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwọn tí òun kò tíì kàn rárá, ń dínkù lójoojúmọ́. Ó rò pé wọ́n gbé wọn lọ sí ibòmíràn ni.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ni Tísà wọlé. Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ni, oníbàárà láti ọdún kẹta tí Ìyá Elétí ti wà níbẹ̀, ọkùnrin gbọọrọ tó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Kò dúró níwájú. Ó rìn tààrà wọ yàrá ẹ̀yìn, ó sì gbé àwo kan lé orí tábìlì.

"Ìyá Elétí, ṣé ara yín yá?"

"Ara mi yá, Tísà. A dúpẹ́. Kí ló dé?"

"Rárá, mo kàn ní kí n bèèrè ni. Mo ti ń rò ó pé bóyá àìsàn kan ló mú etí yín, tí ẹ ò sọ fún wa."

Ìyá Elétí wò ó. Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ìyá Elétí tún wo àwo náà. Ó mọ̀ ọ́n. Ọdún kọkànlá nìyí tí Tísà ti ń wá a. Àwo yìí ni òun àti ìyàwó rẹ̀ máa ń gbọ́ nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra wọn sọ́nà, kí omi tó wọ ilé wọn lọ́dún kan tó sì gbé e lọ. Tísà rí i lọ́jọ́ Ajé láàárín àwọn ọjà gbàǹjo, ó sì yọ àpò ìwé rẹ̀ jáde láti wo igun rẹ̀. Ó rí etí. Kò tún bèèrè nǹkan kan mọ́.

"A jókòó, èmi àti ìyá àwọn ọmọ," ni Tísà wí. "Ó ti wọ aṣọ tó dáa. Orin kejì, ibi tó máa ń bá wọn gbè gan-an, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Tak, tak, tak, bí aago. Ìyàwó mi wò mí, ó ní, 'Ṣé ìyá tó o máa ń yìn lójoojúmọ́ yẹn náà ló gbọ́ èyí?'"

Ìyá Elétí fa àpò ìwé náà yọ. Etí wà ní igun rẹ̀ lóòótọ́. Ìlà kọdọrọ, àmì tóótó kan nínú rẹ̀, bí òun ṣe máa ń yà á gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ìrù kékeré tó máa ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ àlùkò ni. Ó fi ìka rẹ̀ nù ún, kò parẹ́. Ó gbé e sún mọ́ iná. Òǹtẹ̀ ni.

"Tísà," ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé ọkùnrin náà ní láti tẹ̀ síwájú, "èmi kọ́ ni mo fi èyí síbẹ̀."

Ó dìde, ó jáde sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Páálí mẹ́rìnlá ló wà lórí tábìlì gbàǹjo. Ó fa àpò ìwé àkọ́kọ́ yọ: etí aláwọ̀ àlùkò. Ó fa ìkejì: etí. Àwo inú ìkẹta fọ́ láti ẹ̀gbẹ́ dé orin kejì, ojú lásán rí i. Etí wà lára òun náà. Èyí tó tẹ̀ lé e, eruku ṣì wà lójú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì fi omi kàn án láti ọjọ́ tí olówó rẹ̀ ti kú. Etí.

Agbowó ṣọ́ọ̀bù náà wà nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ògiri ń gbọ́ ohun tó ń wí. Ó ń wo Ìyá Elétí, ó sì ń ṣe bí ẹni tí kò wò ó.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ẹ rọra, Ìyá Elétí."

"Mo ti rọra ná. Ta ló ṣe é?"

"Ọ̀gá ló lọ gbẹ́ òǹtẹ̀ náà wá. Ó ní ká máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo rẹ̀, pé àmì ṣọ́ọ̀bù wa ni."

"Ìwọ tẹ̀ ẹ́."

Agbowó wo ilẹ̀. "Èmi tẹ̀ ẹ́ díẹ̀."

"O mọ ohun tí etí yẹn jẹ́. Ogún ọdún ni ìwọ àti èmi ti jọ wà níbí. O mọ̀ ọ́n!"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Agbowó wí. "Àwọn ọmọ mi méjì ṣì wà níléèwé, Ìyá Elétí."

Ìdáhùn náà tún mú inú bí i ju irọ́ lọ, nítorí pé òótọ́ ni.

Ọ̀gá Kékeré wà lókè, nínú yàrá tí bàbá rẹ̀ máa ń lò, tí ó ti wá fi kọ̀ǹpútà méjì sí. Ó dìde nígbà tó rí i. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni, mo ti wí bẹ́ẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ káàsán o. Ẹ jókòó."

Ìyá Elétí kò jókòó. Ó gbé àpò ìwé náà sí iwájú rẹ̀.

"Ọ̀gá, kí ni èyí?"

Ojú ọmọkùnrin náà tàn. "Áà, ẹ ti rí i! Ó dáa, àbí? Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mọ́mì, mo jókòó ti kọ̀ǹpútà yìí lálẹ́ ọjọ́ kan, mo wo gbogbo ọjà tá a tà lọ́dún tó kọjá. Èyí tó bá ní etí yìí lára, kì í lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lórí àtẹ. Èyí tí kò bá ní in, oṣù mẹ́fà, oṣù méje. Mo ní, há, ṣé lógò lásán ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tí ẹ sì ń ṣahun rẹ̀? Mo bá ní ká fi sára gbogbo wọn."

Ìyá Elétí kò retí èyí. Olè ló ti múra sílẹ̀ fún láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn; ó wá bá aláìmọ̀kan lókè.

"Lógò kẹ̀? Ọ̀gá, mi kì í fi etí sára àwo tí mi ò bá tíì gbọ́ tán. Ojú méjèèjì. Látòkè délẹ̀."

Ọ̀gá Kékeré rẹ́rìn-ín, ó wá rí i pé Ìyá Elétí kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀? Gbogbo rẹ̀ pátá? Mọ́mì, ẹ dákun, ẹ má bínú, mo ti máa ń gbọ́ orin láti yàrá yẹn láti kékeré. Mo rò pé ẹ kàn ń fi orin najú níbi iṣẹ́ ni."

"Ọdún mẹ́rìnlélógún! Èmi, olórin ìyìn, ni mo wá ń fi igbe àwọn yẹn najú!"

"Mi ò mọ̀ ni, Mọ́mì. Lóòótọ́, mi ò mọ̀."

"Ó dáa. O ti wá mọ̀ báyìí. Ká kó wọn kúrò lórí àtẹ."

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Bí ọmọkùnrin náà bá ti sọ pé "ó dáa, mà," ìbínú náà ì bá ti tán níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àìmọ̀kan kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jókòó padà, ó wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n tí kò tíì hù dáadáa.

"Wọ́n lé ní ọ̀ọ́dúnrún, Mọ́mì. Òǹtẹ̀ ti wà lára wọn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí làwọn èrò máa pọ̀ jù. Ọjà gbàǹjo ni ṣá. Ẹni tó ra nǹkan ní ìdajì owó, kí ló ń retí?"

"Ó ń retí pé ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, òótọ́ ni. Ìdajì owó lo ní o gbà. Ṣé ìdajì òótọ́ náà lo fún un ni?"

"A ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Àwòrán ni."

"Àwòrán etí ta ni?"

Ọ̀gá Kékeré mí kanlẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ṣọ́ọ̀bù yìí ló ń san owó iṣẹ́ yín. Ohun tẹ́ ẹ bá ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù, ti ṣọ́ọ̀bù ni."

Ìyá Elétí mú àpò ìwé náà, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá dúró níbẹ̀ díẹ̀ sí i, ohun tí òun máa sọ, òun yóò ní láti tọrọ àforíjì fún un lọ́jọ́ Ìsinmi.

Lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, ó gba ilé Bàbá Aláwo lọ. Kò jìnnà, òpópónà kejì ni, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń dún bí ẹni ń sunkún. Arúgbó náà wà lórí àga, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

"Ọmọ yẹn! Lógò!" Ó wá wo ojú Ìyá Elétí, ẹ̀rín sì kú. "Ẹ gbọ́, ṣọ́ọ̀bù ni mo fún un o. Mi ò fún un ní etí yín."

"Ẹ sọ fún un bẹ́ẹ̀, Bàbá."

Bàbá Aláwo fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. Ó wo fèrèsé. "Bí mo bá ká a lọ́wọ́ kò ní oṣù kejì, níwájú àwọn òṣìṣẹ́, ìgbà wo ló máa di ọ̀gá? Ẹ jẹ́ kó kọ́ iṣẹ́."

"Orí olórí ni wọ́n fi ń kọ́ fífá, àbí? Ṣé orí tèmi ló wà nílẹ̀?"

"Ẹ ní sùúrù."

"Bàbá, ọdún mẹ́rìnlélógún. Àwọn ènìyàn ń wọlé láti ìlú mìíràn, wọn kì í bèèrè lọ́wọ́ yín bóyá àwo dáa. Wọ́n máa ń wo igun ìwé ni. Tísà ra irọ́ ní orúkọ mi lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀yin wá ń sọ fún mi nípa sùúrù."

Ó kí arúgbó náà pé ó dàbọ̀, nítorí wọ́n tọ́ ọ dáadáa, ó sì lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ rẹ̀, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún pín lẹ́tà kiri àdúgbò kó tó fẹ̀yìn tì, gbọ́ bó ṣe ń gbé ìkòkò kalẹ̀ ní kíṣìnnì.

"Màmá wọn, ìkòkò yẹn, ṣé ó ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà ronú. Ó ní, "Wọ́n ti sọ fún mi rí pé kí n fi orúkọ mi sí ìwé pé mo ti fi lẹ́tà kan lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́, tí mi ò sì rí lẹ́tà náà rí."

"Kí lo ṣe?"

"Mi ò fọwọ́ sí i. Wọ́n gbé mi lọ sí àdúgbò tó ní ajá púpọ̀." Ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn án, bí ẹni pé obìnrin tó ti bá a gbé láti ìgbà náà kò mọ àpá ọ̀hún. "Ohun tí mò ń wí ni pé, ajá á buni jẹ. Àpá rẹ̀ á sì jinná."

Ìyá Elétí kúnlẹ̀ kó tó sùn, ó bẹ Olúwa kó mú ìbínú kúrò lọ́kàn òun. Ó dúró díẹ̀. Ìbínú náà kò lọ síbì kankan. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé bóyá Olúwa náà ń bínú ni.

Ní Àbámẹ́ta, ó dé ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó ṣí i. Ó ti gbìyànjú ìrésà lára àpò ìwé ti Tísà, ìwé ló ya, òǹtẹ̀ kò kúrò. Nítorí náà bírò pupa ló mú wá. Ó dúró nídìí páálí àkọ́kọ́ lórí tábìlì gbàǹjo, ó ń fa àpò ìwé yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fa ìlà pupa kọjá lára etí, ó ń dá a padà. Kò yára. Bí ó ṣe máa ń wẹ àwo náà ló ṣe ń fa ìlà.

Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Awakọ̀ akẹ́rù kan tí ikùn rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀ wọlé, ó dúró tì í.

"Ìyá Elétí, kí lẹ̀ ń pa rẹ́?"

"Irọ́ ni."

"Irọ́ ta ni?"

"Irọ́ tí wọ́n pa mọ́ mi. Èyí tó bá ní ìlà pupa, mi ò gbọ́ ọ. Ó lè dáa, ó lè má dáa. Bó o bá fẹ́, rà á, ṣùgbọ́n má ṣe gbé e délé kó o máa bú mi."

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní bó bá ń fò, kó máa fò, ọkọ̀ tí òun ń wà náà ń fò. Ó mú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbé tiwọn kalẹ̀. Obìnrin onígèlè aró kan tú àwọn tó ti kó sínú àpò rẹ̀, ó ń wo igun kọ̀ọ̀kan, ó ń fajú ro. Láìpẹ́ wọ́n ti yí tábìlì náà ká, wọ́n ń fa àpò ìwé yọ, wọ́n ń kígbe pé, "Èyí ńkọ́, mà? Èyí ńkọ́?" Ìyá Elétí sì ń dáhùn pé, "Mi ò gbọ́ ọ. Mi ò gbọ́ ọ. Ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni, pẹ́ńsùlù nìyẹn, mo gbọ́ ọ ní oṣù tó kọjá, ó mọ́ bí omi."

Páálí kọkànlá ló ń parí nígbà tí Ọ̀gá Kékeré sọ̀ kalẹ̀.

"Mọ́mì! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń gba etí mi padà."

"Ọjà mi lẹ̀ ń bàjẹ́!"

"Mi ò fọwọ́ kan ọjà rẹ. Igun ìwé ni mo fọwọ́ kàn, ibi tó o fọwọ́ kàn."

Ọ̀gá Kékeré di páálí kejìlá mú. Ìyá Elétí di ìhà kejì rẹ̀ mú. Páálí náà fì sápá ọ̀tún, ó fì sápá òsì, àwọn àwo inú rẹ̀ ń kan ara wọn, Ìyá Elétí sì gbọ́ ìró náà. Kò lè gbà á. Lọ́jọ́ ayé rẹ̀, kò jẹ́ kí àwo bọ́ lulẹ̀ rí. Ó jọ̀wọ́ páálí náà.

"Ẹ máa lọ sílé, Mọ́mì," ni Ọ̀gá Kékeré wí. "Ẹ dákun, ẹ máa lọ. Ẹ má padà wá."

Bó ṣe lọ nìyẹn, tí páálí mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀ tí etí rẹ̀ wà lára wọn. Kì í ṣe iṣẹ́ tó bọ́ ló ń dùn ún bó ṣe ń rìn lọ. Páálí mẹ́ta yẹn ni. Ó ń kà wọ́n lọ́kàn bí ẹni tó fi ọmọ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n á tà wọ́n. Wọ́n á gbé e dé ilé ẹni ẹlẹ́ni, á bẹ̀rẹ̀ sí í fò láàárín ayọ̀ wọn, wọ́n á sì wo igun ìwé, orúkọ òun ni wọ́n á bá níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó kọrin kíkan tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá akọrin fi ọwọ́ sọ fún un pé kó rọra.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ọ̀sán, ó ń lọ aṣọ akọrin nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀ lọ ṣí i. Ó padà wá.

"Màmá wọn, olóǹtẹ̀ ti dé."

Ọ̀gá Kékeré wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ó jókòó sórí etí àga. Ojú rẹ̀ ti wọlé. Ó ní wọn ò yéé wá láti Ajé. Àwọn tó ra àwo gbàǹjo, àti àwọn tó ra àwo ní ọdún tó kọjá pàápàá, àwọn tó ní etí tòótọ́, tí nǹkan kan kò ṣe àwo wọn. Wọn ò bèèrè owó. Wọ́n gbé àwo dání, wọ́n ń bèèrè pé níbo ni ìyá náà wà kó tún un gbọ́, nítorí àwọn ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́. Ó ní òun sọ fún wọn pé ìyá ń sinmi. Ó ní ìgbà náà ni Agbowó dìde nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ọkùnrin tí kì í gbé ohùn sókè yẹn, ó sọ ọ́ létí gbogbo wọn pé, "Ìyá ò sinmi o. Ọ̀gá lé e ni, nítorí òǹtẹ̀ tí èmi pẹ̀lú tẹ̀."

"Ó wí bẹ́ẹ̀?" ni Ìyá Elétí bèèrè.

"Níwájú gbogbo wọn."

"Ọmọ rẹ̀ méjì ṣì wà níléèwé," ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Ṣé o ti lé òun náà?"

"Rárá, mà. Mọ́mì, ẹ padà wá. Mo ti kó páálí mẹ́ta yẹn kúrò. Mo ti ju òǹtẹ̀ náà nù."

"Àwọn tó ti tà ńkọ́?"

Ọ̀gá Kékeré yọ ìwé kan nínú àpò rẹ̀. Ó ní ìkéde ni, pé òun máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí pátákó gbàǹjo wà. Ìyá Elétí gbà á, ó wá awò ojú rẹ̀, ó kà á. Ó ní: *Àṣìṣe ṣẹlẹ̀ lára àwọn àwo kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.*

"Àṣìṣe ṣẹlẹ̀," ni Ìyá Elétí wí. "Bí òjò. Àbí bí ilẹ̀ ríri. Ta ló ṣe é?"

"Mọ́mì..."

"Kí ènìyàn wọ bàtà òsì sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, àṣìṣe nìyẹn. Títí di Ọjọ́rú tó kọjá, o ò mọ̀. Mo fi orí jì ọ́ fún ti Ajé, mo fi jì ọ́ fún ti Ìṣẹ́gun. Ní Ọjọ́rú, mo sọ fún ọ. Àwo mélòó lo tà lẹ́yìn Ọjọ́rú?"

Ọ̀gá Kékeré na ọwọ́, ó gba ìkéde náà padà.

"Bàbá wọn, ẹ bá mi mú bírò wá."

Ọ̀gá Kékeré kọ òmíràn lórí tábìlì oúnjẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ akọrin. Ìyá Elétí dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó parí, ó ní kó kà á sókè. Ọmọkùnrin náà kà á: "Èmi ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yìí ni mo tẹ òǹtẹ̀ etí mọ́ àwọn àwo díẹ̀ tí Ìyá Elétí kò gbọ́. Ẹ kó wọn wá, a ó gbà wọ́n padà."

"Díẹ̀?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́."

"Ọ̀ọ́dúnrún ó lé ni díẹ̀? Ṣé ìṣirò tí wọ́n ń kọ́ni níbi tí wọ́n ti ń ta fóònù nìyẹn?"

Ọkọ rẹ̀ wúkọ́, ó yáa bọ́ sí kíṣìnnì kí wọ́n má bàa rí ojú rẹ̀. Ọ̀gá Kékeré mú ìwé mìíràn. Ó kọ ọ̀ọ́dúnrún ó lé, ó kọ ọ́ gàdàgbà. Ìyá Elétí ní kó tún un kọ kí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Tísà kì í ríran jìnnà mọ́, òun sì fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ náà kà á láti ojú títì. Ìbínú náà ṣì wà ní àyè rẹ̀, kò tíì yẹ̀. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó sì ń wo ọwọ́ ọmọkùnrin náà bó ṣe ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.